Ìkìlọ̀: bí òǹtajà kò bá jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan fọ́lúùmù, ẹ má ra ẹ̀rọ orin hi-res lọ́wọ́ rẹ̀

6 dB péré ni wọ́n fi gbowó lọ́wọ́ mi (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó). Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n fún ìbínú bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa gbà mú ẹ̀yin náà.

Ẹ̀rọ orin alágbèéká ni, irú èyí tó ń ka fáìlì 24-bit/192 kHz, ìyẹn hi-res, orin tí wọ́n ní ìdiwọ̀n rẹ̀ ju ti CD lọ. Ihò méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ti 3.5 mm tí gbogbo wa mọ̀, àti ti 4.4 mm tí wọ́n ń pè ní balanced. Ọ̀gbẹ́ni òǹtajà náà ki íápíìsì bọ ihò 3.5, ó fi orin kan tó ti orí CD wá sí i, ó ní kí n gbọ́. Ó yọ ọ́, ó pààrọ̀ okùn, ó ki í bọ ihò 4.4, ó tún fi orin yẹn kan náà sí i. “Ẹ̀gbọ́n mi, hi-res nìyí o. Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀.” Fọ́lúùmù wà lórí 60 nígbà àkọ́kọ́, ó wà lórí 60 nígbà kejì. Ó tiẹ̀ nàka sí i: “Ṣé ẹ rí i pé mi ò fọwọ́ kàn án?”

Kò fọwọ́ kàn án lóòótọ́. Ibi tí jìbìtì náà wà gan-an nìyẹn. Nínú ihò balanced, ẹ̀rọ agbóhùnsókè méjì ló ń ti íápíìsì kan, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, nítorí náà fólítéèjì rẹ̀ sábà máa ń tó ìlọ́po méjì ti ihò 3.5 lórí nọ́ńbà fọ́lúùmù kan náà. Ìlọ́po méjì fólítéèjì, 6 dB nìyẹn. Bí orin bá sì ròkè, kódà bíi 1 dB péré, etí kì í kàn sọ pé ariwo rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Ohun tó máa sọ ni pé orin náà mọ́ sí i, pé báàsì rẹ̀ wúwo, pé a ti ń gbọ́ èémí olórin. Mo gbọ́ èémí olórin. Mo ń mi orí bí alángbá. Mo sanwó.

Èmi! Èmi tí mo mọ ohun tí balanced ń ṣe! Èmi tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n tó fi ohùn méjì wéra, kí wọ́n rí i pé ìyàtọ̀ fọ́lúùmù wọn kò ju 0.1 dB lọ! Ojú ń tì mí gidi. Àmọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù, torí kò sẹ́ni tó ń gbé mítà fólítéèjì lọ sọ́jà, ẹni bá sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà á mi orí tirẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ó fi mẹ́mọ́rì káàdì kan ṣe ẹ̀ènì fún mi, 512 GB ni wọ́n kọ sí i lára, ó ní orin tó wà níbẹ̀, 24/192 ni gbogbo wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdiwọ̀n 192,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 24-bit ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún etí ọ̀tún àti tòsì, ó ń lọ sí bíi 69 MB ní ìṣẹ́jú kan kí FLAC, irú fáìlì tó ń dín ìwọ̀n orin kù láì yọ nǹkan kan kúrò, tó fún un pọ̀. Ti CD kò ju 10.6 MB lọ. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin á jẹ 276 MB dípò 42. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ta káàdì ńlá mọ́ ọn.

Mo fi Spek, ètò kọ̀ǹpútà kan, ṣí orin àkọ́kọ́. Ọ̀fẹ́ ni Spek. Ẹ kàn fa fáìlì sínú rẹ̀, á ya àwòrán ohùn náà fún yín, báàsì nísàlẹ̀, ohùn tínrín lókè. Ojúlówó fáìlì 192 kHz lè gbé ohùn dé 96 kHz, ìdajì ìdiwọ̀n rẹ̀ (kHz ni ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn ṣe ń tínrín tó). Èyí tí mo rí, àwọ̀ rẹ̀ gòkè dé nǹkan bíi 22 kHz, ó wá gé, bí ẹni fi àdá bẹ́ ẹ lórí. Láti ibẹ̀ dé 96, dúdú biribiri. Orin CD ni wọ́n nà bíi rọ́bà. Mo ṣí èkejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta gé ní 16 kHz! 16, ẹ̀yin èèyàn! Ibi tí MP3 128 kbps sábà máa ń gé sí nìyẹn. Wọ́n mú MP3, wọ́n da agbádá FLAC bò ó, wọ́n kọ 192 sí i láyà. Ojú ẹ̀rọ náà sì ń fi 192 yẹn hàn mí lójoojúmọ́, torí ohun tí wọ́n kọ sára fáìlì ló ń kà, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nínú 40 tí mo yẹ̀ wò, ẹyọ 3 ló ní nǹkan kan lókè 22 kHz. Ohun tó wà lókè ọ̀kan nínú àwọn 3 náà, ìlà tínrín kan tó lọ tààrà látìbẹ̀rẹ̀ dópin ni, ariwo iná mànàmáná látinú ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba orin sílẹ̀. Mo sanwó fún ariwo tí ajá nìkan lè gbọ́.

Káàdì ńkọ́? Orin ara mi tí mo kó sí i bẹ̀rẹ̀ sí í já láàárín. Mo fi H2testw, ètò tó ń dán káàdì wò, kọ nǹkan kún un bámúbámú, mo ní kó kà á padà. 32 GB! Ohun tó wà nínú 512 nìyẹn. Ṣe ni wọ́n yí nọ́ńbà tí káàdì máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà padà. Bí 32 bá ti kún, á máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, tàbí kó kàn dà á nù. Orúkọ fáìlì á ṣì wà, inú rẹ̀ á ti ṣófo. Ẹni tó ń lo Mac tàbí Linux, F3 ni kó lò. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, kí ẹ tó kó orin kankan sí i. Èmi ò ṣe é lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ṣe é, mi ò ṣe é.

Nígbà tí mo pe òǹtajà náà, ẹ gbọ́ èsì: “Etí yín ò tíì mọ́ra, ẹ lò ó fún ọgọ́rùn-ún wákàtí ná.” Ọgọ́rùn-ún wákàtí! Ṣé wákàtí ló máa sọ 16 kHz di 96 ni?

Èyí tó wá ń dùn mí jù nìyí: ká ní ojúlówó ni gbogbo fáìlì yẹn, ẹ̀rọ yẹn kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí CD ò ní. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Harry Nyquist, onímọ̀ ẹ̀rọ, ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1928, Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò, sì fi ìṣirò dì í ní 1949: bí ìdiwọ̀n yín bá ti ju ìlọ́po méjì ohùn tó tínrín jù lọ, ẹ ti gba gbogbo rẹ̀, kò sí àlàfo tí ẹnikẹ́ni máa wá fi 192 dí. CD ń díwọ̀n ní 44,100, ó sì lè gbé ohùn tó sún mọ́ 22,050 hertz. Etí ọmọdé tó yá jù kò kọjá nǹkan bíi 20,000, tàgbà ti wálẹ̀ jìnnà sí ìyẹn. Àwòrán àtẹ̀gùn tí àwọn òǹtajà máa ń gbé jáde, tí CD rí págunpàgun, tí hi-res wá rí bọ̀rọ́bọ̀rọ́, irọ́ pọ́ńbélé ni. Ohun tó ń jáde látinú DAC, ẹ̀yà tó ń sọ nọ́ńbà inú fáìlì di ohùn, ń dán bọ̀rọ́ nínú méjèèjì.

24-bit náà ńkọ́? 16-bit ti CD fún ohùn ní àyè bíi 96 dB láàárín èyí tó rọlẹ̀ jù àti èyí tó pariwo jù. Yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ ṣì ní ariwo tirẹ̀, bíi 30 dB. Ẹ ro ó pọ̀: 126. Etí á ti máa dùn yín kí ẹ tó lo àyè náà tán. Níbi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, 24-bit wúlò, torí wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ kí ohùn má bàa fọ́. Nínú àpò tèmi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Àwọn èèyàn ti dán an wò. Ní 2007, Meyer àti Moran gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Audio Engineering Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn: wọ́n mú orin hi-res, wọ́n sọ ọ́ di ti CD láàárín ọ̀nà, wọ́n ní káwọn èèyàn mọ èwo ni èwo. Nínú ìgbà 554 tí wọ́n dán an wò, wọ́n gba 276. Ẹni tó ń ju owó ẹyọ sókè á gbà tó bẹ́ẹ̀. Mi ò ní tan yín, ẹ̀rí kan wà lódìkejì: ní 2016 Joshua Reiss kó ìwádìí 18 pọ̀, ó rí 52.3%, àwọn tí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọ ṣáájú sì ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. 52.3 rèé níbi tí ẹni tó ń ju owó ẹyọ á ti gba 50. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ń pè ní “ọ̀run àti ayé” nìyẹn.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀rọ ń dún bákan náà o. Ohun tó ń mú ìyàtọ̀ wá ni àwọn òǹtajà kì í dárúkọ. Bí ohm (ìwọ̀n ìdènà iná) ihò ẹ̀rọ bá ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti íápíìsì lọ, ohùn íápíìsì oní-dirafa púpọ̀ lè yí padà: íápíìsì 16 ohm ń fẹ́ ihò tí kò ju 2 ohm lọ. Ẹ béèrè nọ́ńbà yìí lọ́wọ́ òǹtajà, ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí. Ẹ fi íápíìsì sétí láì fi orin sí i, bóyá ẹ máa gbọ́ “ṣííí”. Bí orin hi-res kan bá sì dún yàtọ̀ lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹlòmíì ló tún orin náà tò kí wọ́n tó tà á. Ẹ sọ èyí gan-an di 16/44.1, ìdiwọ̀n ti CD, ìyàtọ̀ náà á bá yín débẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ dà nìyí, pẹ̀lú SoX, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fáìlì ohùn padà:

sox hires.flac -b 16 cd.flac rate -v 44100 dither

Ẹ tún dá a padà sí 192 kí ìró “tá” tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tó bá yí ìdiwọ̀n má bàa tú àṣírí, ẹ wá fi ABX Comparator (ó ń fi méjèèjì pa mọ́, kí ẹ mọ èwo ni èwo) inú foobar2000, ètò ìgbórin orí kọ̀ǹpútà, gbọ́ ọ ní ìgbà 16 láì wo èyí tó jẹ́ èwo. Bí ẹ kò bá gba 12, ẹ jẹ́ kówó yín dúró sápò. Ẹ má fi fáìlì òǹtajà dán nǹkan kan wò. Ihò kan náà, okùn kan náà. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ yí fọ́lúùmù. Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí wọ́n bá pè ní tuntun, bó bá wú díẹ̀, bátìrì ti ń kú lọ. Ẹni tó bá sì máa fi Bluetooth gbọ́ ọ, kí ló ń ra hi-res fún? LDAC, ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbé orin hi-res lórí Bluetooth, kò kọjá 990 kbps (kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan), CD nìkan ti jẹ́ 1,411. Àmì Hi-Res Audio aláwọ̀ wúrà yẹn ń sọ ibi tí ẹ̀rọ lè dé, kò sọ nǹkan kan nípa etí yín.

Ẹlòmíì á sọ pé kì í ṣe gbogbo òǹtajà ló rí bẹ́ẹ̀. Bóyá. Èmi ò tíì rí ẹyọ kan tó bá mi dọ́gba fọ́lúùmù kó tó bẹ̀rẹ̀ àfihàn, bó sì ṣe rọrùn tó nìyẹn, ká kàn yí bọ́tìnnì. Wọ́n mọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni náà ò dá owó mi padà. Láàárọ̀ yìí ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: okùn fàdákà fún ihò 4.4 ti dé, òun ti fi ọ̀kan pamọ́ fún mi.