Peat moss ti Canada: ó dáa fún kóró ata rodo, àmọ́ ẹ má dà á sórí ilẹ̀ amọ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Houston tẹ́ ẹ ń gbin ata rodo, ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ẹ jẹ́ n bá yín sọ̀rọ̀ báàgì peat moss ńlá yẹn, èyí tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ gan-an tí wọ́n kọ 3.8 cubic feet sí lára, Canada ni wọ́n ti ń kó o wá, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọ̀gbìn ò sì ṣàìní in. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, mo fẹ́ràn ẹ̀ dáadáa, àmọ́ iṣẹ́ tọ́pọ̀ wa ń torí ẹ̀ rà á kọ́ ni iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Kì í ṣe ajílẹ̀ o! Oúnjẹ tó wà nínú ẹ̀ fún nǹkan tá a gbìn ò tó nǹkan rárá. Ewé kékeré kan tó ń hù nínú irà, sphagnum lorúkọ ẹ̀, ló ń kú tó ń gorí ara ẹ̀ ní Quebec, New Brunswick àti Alberta lọ́hùn-ún, omi bò ó mọ́lẹ̀, atẹ́gùn ò ráyè wọbẹ̀, ìyẹn ni ò ṣe jẹrà tán. Omi ló mọ̀ ọ́n fà mu, omi náà ló mọ̀ ọ́n dì mú. Ẹ rẹ ẹ̀kúnwọ́ kan kẹ́ ẹ fún un, bíi kànrìnkàn ni.

Tó bá wá di ká gbin kóró ata rodo sínú tíréè, mi ò tíì rí èyí tó tó o. Abọ́ peat méjì, abọ́ perlite kan (òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́, tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn ráyè wọlé), ẹ pò ó pọ̀, ó tán. Kò sí kóró koríko nínú ẹ̀, ó fúyẹ́, gbòǹgbò á máa rìn nínú ẹ̀ bó ṣe wù ú, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí ata yẹn lọ sínú póòtù, gbogbo gbòǹgbò ẹ̀ á bá a jáde láìjá. Àmọ́ ẹ má da omi tútù lé e lórí bó ṣe gbẹ yẹn, torí omi ò ní wọlé, á kàn máa yí gbirigbiri lórí ẹ̀ ni. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ máa lò, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ rò ó títí tẹ́ ẹ bá fún un tí omi á fi kán tó tó. Ẹ bo imú yín náà tẹ́ ẹ bá ń tú báàgì yẹn, eruku ẹ̀ pọ̀.

Ibi tó ti ń bí mi nínú rèé. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó gbẹ nínú póòtù nígbà ooru July, á sún kì kúrò lára póòtù, ẹ wá bomi rin ín, ẹ rí omi tó ń jáde nísàlẹ̀ ẹ rò pé ó ti mu yó, ẹ̀gbẹ́ lomi gbà kọjá, àárín gbẹ táútáú. Ó tún ní ásíìdì, pH ẹ̀, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì (bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó), wà láàárín 3.5 sí 4.5, ata sì ń fẹ́ nǹkan bíi 6 sí 6.8, torí náà ẹ fi garden lime díẹ̀ sí i, ìyẹn ẹfun lẹ́búlẹ́bú tó ń dín ásíìdì kù. Ẹni tó bá ń gbin blueberry ni kò nílò lime yẹn, irú ilẹ̀ tó fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ilẹ̀ amọ̀ wa níbí ńkọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní gumbo, tí òjò bá rọ̀ ó lẹ̀ mọ́ bàtà, tí oòrùn bá ràn ó sán? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fowó peat ṣòfò síbẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ti ń di omi mú ju bó ṣe yẹ lọ tẹ́lẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi peat ṣe? Compost ló fẹ́, ewé tó ti jẹrà, ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ugwu ń jẹun gan-an, tẹ́ ẹ bá gbìn wọ́n sínú peat nìkan láìfún wọn ní nǹkan kan, ewé wọn á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Nǹkan mìíràn tí mo rò pó yẹ ká mọ̀ ni pé peat inú irà kì í ga sí i ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ lọ́dún, mítà kan gba bí ẹgbẹ̀rún ọdún, gbogbo irú irà bẹ́ẹ̀ láyé lápapọ̀ sì ń kó carbon pa mọ́ ju gbogbo igbó ayé lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi tèmi mọ sí tíréè kóró. Póòtù ńlá, coco coir tí wọ́n fi èèpo àgbọn ṣe ni mo ń kó sí i, òun ń tètè fa omi padà tó bá gbẹ, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣàn án dáadáa torí iyọ̀ tó lè wà nínú ẹ̀.

Stars mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Báàgì kan pẹ́ gan-an, tẹ́ ẹ bá tú u á wú tó bí ìlọ́po méjì. Ẹ yẹ ara ẹ̀ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, èyí tó bá ti ya tójò sì ti pa níta á wúwo bí nǹkan míì. January ni kẹ́ ẹ ti rà á o, torí ata rodo lè lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọrí, ẹ sì fẹ́ kó ti lágbára kó tó di March tá a máa gbé e síta.