Yoast SEO àti Ìkànnì Ilé Ìgbàlejò Kan ní Ìkọ̀gòsì

Yoast SEO jẹ́ àfikún tí a ń so mọ́ WordPress, ìyẹn ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe ìkànnì. Joost de Valk, ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, ló gbé e jáde ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Newfold Digital sì rà á ní ọdún 2021. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yẹ ohun tí a ń kọ sí ìkànnì wò bí a ṣe ń kọ ọ́ lọ, kí ó sì sọ fún wa bóyá Google yóò tètè mọ ohun tó dá lé, àti bóyá ènìyàn yóò lè kà á láìlàágùn. Apá kejì yìí, ìyẹn ti ìrọ̀rùn kíkà, ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé àwọn kan lára àwọn tó ń bá ènìyàn ṣe ìkànnì ní Adó-Èkìtì máa ń fi dá oníbàárà wọn lójú pé bí gbogbo iná inú rẹ̀, ìyẹn àmì aláwọ̀ tó fi ń sọ bí iṣẹ́ ṣe dára tó, bá ti di àwọ̀ ewé, òkè téńté ni Google yóò gbé onítọ̀hún sí. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ irinṣẹ́ náà wúlò.

Ìkànnì ilé ìgbàlejò kékeré kan nítòsí orísun omi Ìkọ̀gòsì ni mo ti ń lò ó. Ẹni tó ń wá irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í sábà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Fóònù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá nínú ọkọ̀ tó ń ti Adó bọ̀ gba Ìyìn, Ìgèdè àti Arámọ̀kọ, dátà rẹ̀ sì ń jó lọ. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò pọ̀: èló ni yàrá kan, ṣé iná wà, báwo ni ilé náà ṣe jìnnà tó sí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó ń kí i káàbọ̀ lójú-ìwé àkọ́kọ́ gùn tó ẹsẹ̀ Bíbélì mẹ́ta: ó ti orí àlá olùdásílẹ̀ bọ́ sórí ẹwà òkè àti igbó, ó yà sí ọ̀rọ̀ bí ọmọ Èkìtì ṣe ń ṣe àlejò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé yàrá wà fún títà, síbẹ̀ kò sọ iye. Ojú ẹsẹ̀ ni Yoast mú un. Bí a bá tẹ àmì ojú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkíyèsí náà, yóò fi àwọ̀ bo gbólóhùn tó gùn jù náà níbi tó wà gan-an nínú iṣẹ́ wa, kò sì sí ibi tí ènìyàn yóò gbà jiyàn. Fún èmi, ohun tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí, nítorí pé ẹni tó kọ nǹkan kì í fi ojú àlejò wo ohun tó kọ.

Òṣùwọ̀n rẹ̀ kò ṣòro. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó bá ju ọ̀rọ̀ 20 lọ ló kà sí gígùn, kò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ ju ìdá 25 nínú 100 lọ. Ìpínrọ̀ tó bá kọjá ọ̀rọ̀ 150 yóò ní kí a gé e. Bí ọ̀rọ̀ bá sì lé ní 300 láìsí àkọlé kékeré láàárín, yóò tún ké sí wa. Ó tún ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó so èrò pọ̀ mọ́ èrò wà nínú ìdá 30 nínú 100 àwọn gbólóhùn, ó kéré tán, kò sì fẹ́ kí gbólóhùn mẹ́ta tó tẹ̀léra bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tó bá gé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wẹ́wẹ́ nítorí àtibọ́ lọ́wọ́ iná pupa, tó wá ń fi orúkọ ilé ìtura rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbogbo gbólóhùn, yóò bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò kan, yóò sì kó sọ́wọ́ òmíràn. Ìṣirò Rudolf Flesch, ẹni tí wọ́n bí ní Vienna tó sì ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọdún 1948 ni ìṣirò náà ti wà. Iye ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn àti iye sílébù inú ọ̀rọ̀ ló ń wọ̀n, Gẹ̀ẹ́sì tó bá sì gba máàkì 60 sí 70 ni wọ́n ń pè ní èyí tó rọrùn. Yoast ti yọ ọ́ kúrò lára àwọn àyẹ̀wò tó ń tan iná, ó kàn ń fi máàkì náà hàn níbi tí ẹni tó bá wù lè lọ wò ó. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ rárá náà lè gba máàkì tó ga.

Ní ti ipò lórí Google, John Mueller tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé irú máàkì ìrọ̀rùn kíkà báyìí kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń to èsì. Ohun tí Google ń wá ni ojú-ìwé tó dáhùn ìbéèrè ẹni tó ń wá nǹkan, ẹ̀dà tó ń hàn lórí fóònù ló sì ń kà. Nítorí náà, ìrọ̀rùn kíkà ń ṣèrànwọ́, àmọ́ kì í ṣe ní tààrà. Nígbà tí a gé gbólóhùn gígùn yẹn, ó di dandan kí a wá ohun tí a fẹ́ sọ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni iye owó yàrá ṣe jáde sí abẹ́ àkọlé tirẹ̀, tí ọ̀nà láti Adó sì ní ìpínrọ̀ kúkúrú kan fún ara rẹ̀. Ìdáhùn ṣókí lábẹ́ ìbéèrè tó ṣe kedere jẹ́ irú ohun tí Google lè gbé sókè ju gbogbo èsì yòókù lọ. Mi ò ní sọ pé Yoast ló gbé wa ga. Ohun tí mo rí ni pé àwọn tó ń pe ilé ìgbàlejò náà kì í fi iye yàrá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ tí ààyè wà ni wọ́n ń béèrè.

Ojú-ìwé Yorùbá ni mo ti ní ẹjọ́ láti rò. Yorùbá kò sí lára àwọn èdè tí Yoast gbọ́ dáadáa, nítorí náà àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Gígùn gbólóhùn, gígùn ìpínrọ̀ àti ọ̀rọ̀ àkọlé ló kù. Ẹ wo gbólóhùn yìí tó wà lójú-ìwé wa: "Bí ẹ bá fẹ́ sùn mọ́jú, ẹ pè wá ní ọjọ́ méjì ṣáájú kí a lè bá yín fi yàrá pamọ́, kí a sì se oúnjẹ dè yín." Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò gbọ́ ọ yé. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ 28 ni, Yoast sì kà á mọ́ àwọn tó gùn jù. Bí a ṣe ń kọ Yorùbá ló fà á: "kí", "a", "lè", "bá", "sì" ń dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kò wúwo lẹ́nu, wọn kò sì wúwo létí. Àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà mọ̀ pé òṣùwọ̀n kan kò bá gbogbo èdè mu, nítorí wọ́n ti sún ààlà náà sí 25 fún èdè Ítálì àti Sípáníìṣì. Lójú tèmi, 30 ló yẹ Yorùbá, ó kéré tán. Ẹni tó bá sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu, tó gé gbólóhùn yẹn sí mẹ́ta, yóò kàn máa pàṣẹ fún àlejò bí ọ̀gá ọlọ́pàá ni.

Àìsí àmì ohùn wà lára ohun tó ń mú kíkà Yorùbá nira lójú fóònù, nítorí òǹkàwé yóò ní láti pa dà sẹ́yìn kí ó tó mọ ohun tí a ní lọ́kàn, Yoast kò sì ka ìyẹn sí ìṣòro. Bẹ́ẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí i nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan lórí Google, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ orúkọ ìlú láìní àmì sínú àdírẹ́sì ojú-ìwé, tí mo sì ń fi àmì pé nínú ọ̀rọ̀ gan-an. A lè pa àyẹ̀wò ìrọ̀rùn kíkà látinú ètò Yoast fúnra rẹ̀, mo sì máa ń pa á tí mo bá fẹ́ kọ Yorùbá. Obìnrin tó ń gba àlejò níbẹ̀ ni mo ń ka iṣẹ́ sí létí. Ibi tó bá ti ní kí n tún un sọ ni mo ń gé.

Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ ló ní gbogbo àyẹ̀wò tí mo dárúkọ wọ̀nyí. Ẹ̀dà tí a ń sanwó fún lọ́dọọdún, tí owó òkèèrè sì ni, yẹ ilé-iṣẹ́ ìròyìn tó ní ojú-ìwé rẹpẹtẹ tó ń yí àdírẹ́sì wọn pa dà nígbà gbogbo. Ilé ìgbàlejò tó ní ojú-ìwé díẹ̀ kò nílò rẹ̀. Kí wọ́n fi owó náà pe ayàwòrán gidi kan kí ó wá ya yàrá wọn.