Ìlẹ̀kẹ̀ Delica láti Jàpáánì: iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ àti èyí tí kò yẹ ẹ́

Ẹni tó bá ń fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́ sára pọ́ọ̀sì, fìlà, bàtà tàbí ọrùn agbádá á ti gbọ́ orúkọ Delica lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ilé iṣẹ́ Miyuki ló ń ṣe é ní Fukuyama, ní agbègbè Hiroshima, nílẹ̀ Jàpáánì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ṣe pọ́ọ̀sì ìyàwó àti fìlà ọkọ ìyàwó. Mo tún ń lo ìlẹ̀kẹ̀ Czech àti ti Ṣáínà tí à ń rà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Lójú tèmi, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tó ju Delica lọ fún iṣẹ́ tó ní àwòrán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rán an mọ́ ara aṣọ ń fi owó ṣòfò ni.

Bó ṣe rí ló yà á sọ́tọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ̀ lọ́jà rí roboto. Delica ní tirẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì gún régé. Ìwọ̀n 11/0 tí mò ń lò jù fẹ̀ tó mìlímítà 1.6, ó ga tó 1.3, ihò rẹ̀ sì tó 0.8. Ìyẹn ni pé ihò nìkan gba ìdajì ìbú rẹ̀. Òwú á kọjá nínú ìlẹ̀kẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, gíláàsì kò sì ní sán. Ẹni tó bá ti ń di ìparí ìlà tí ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ ohun tí mò ń wí. (Bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ sókè ni ìlẹ̀kẹ̀ ń kéré sí i o: 8/0 tó mìlímítà 3, 15/0 sì kéré ju 11/0 lọ. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sábà máa ń rà á sódì.)

Níbi àwòrán ni agbára rẹ̀ wà. Bí a bá ń fi òwú rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀, láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń jókòó sí àlàfo àárín méjì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí búlọ́ọ̀kù ilé. Nítorí pé gbogbo wọn dọ́gba, ìlà á tọ́, igun á sì mú. Mo ti ṣe ojú ènìyàn sára pọ́ọ̀sì, irú èyí tó máa ń wà níwájú adé ọba, pẹ̀lú ẹyẹ lókè rẹ̀. Ojú méjèèjì dọ́gba, imú kò wọ́. Bí ẹ bá fi ìlẹ̀kẹ̀ tí kò lórúkọ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ ní láti kọ́kọ́ dà á sórí àwo, kí ẹ ṣa èyí tó sanra kúrò, èyí tó tín-ín-rín, àti èyí tí ihò rẹ̀ dí. Owó ni àkókò tí ẹ fi ń ṣà á.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló fa ìdọ́gba yìí. Wọ́n máa ń fa gíláàsì tó ti yọ́ títí á fi di ọ̀pá gígùn tó ní ihò nínú, wọ́n á wá gé e wẹ́wẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ roboto ni wọ́n máa ń tún yí nínú iná títí etí rẹ̀ á fi rọ̀ pátápátá. Etí Delica kì í rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fífa gíláàsì báyìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí awalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wú ilẹ̀, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 àti àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Fífà ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ifẹ̀ ti ń ṣe gíláàsì tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún! Ó dùn mí gan-an pé gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lórí tábìlì mi lónìí ló ti òkè òkun wá.

Delica wọ́n, kí n má parọ́. Àpò gíráàmù 450 ni wọ́n sábà máa ń ta ti Ṣáínà, ṣùgbọ́n inú ike kékeré tó gba nǹkan bí gíráàmù 7, tàbí ọ̀rá gíráàmù 50 àti 100, ni ẹ ó ti rí Delica. Gíráàmù kan jẹ́ nǹkan bí 200 ìlẹ̀kẹ̀ 11/0. Pọ́ọ̀sì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, tó ga ní 12, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo á gba ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 11,000, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 60. Ẹ bá ìyá ìyàwó ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó gba iṣẹ́. Èmi máa ń gbé ègé kékeré tí mo fi Delica ṣe àti ti Ṣáínà síwájú wọn, kí wọ́n fọwọ́ pa á. Lẹ́yìn ìyẹn, àríyànjiyàn owó kì í pọ̀ mọ́.

Àwọ̀ rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀: DB0010 ni dúdú, DB0200 ni funfun. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá tán láàárín iṣẹ́, nọ́ńbà yẹn ni ẹ ó fi béèrè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwọ̀ ló wà nínú gíláàsì fúnra rẹ̀. Òmíràn jẹ́ aró tàbí ọ̀dà tí wọ́n fi bò ó, àwọn píǹkì àti pọ́pù ló sì yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù, ilé iṣẹ́ yòówù tó ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ wúrà tàbí fàdákà, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ Duracoat sí lára, torí ó máa ń pẹ́ ju èyí tí kò ní in lọ. Wọ́n gbé léèsì funfun kan wá fún mi láti tún ṣe nígbà kan: ìlẹ̀kẹ̀ píǹkì kan tí kò lórúkọ, tí ẹlòmíràn rán sí i lọ́rùn, ti ṣàn sára aṣọ nígbà tí òógùn mú un. Ìlẹ̀kẹ̀ yòówù kí ẹ rà, ẹ rẹ díẹ̀ sínú omi ọṣẹ mọ́jú, kí ẹ fi òwú funfun nu òmíràn pẹ̀lú omi tí wọ́n fi ń nu kiútẹ́ẹ̀sì èékánná. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣí sínú omi tàbí sára òwú, ẹ má rán an sí aṣọ ẹnikẹ́ni.

Ti agbádá, ìró àti gèlè wá ńkọ́? Etí Delica mú, ara aṣọ sì kì í dúró jẹ́ẹ́. Bí aṣọ ṣe ń ká, tó ń nà, etí yẹn á máa ha òwú. Bí ọnà bá sì yí kọ́lọkọ̀lọ, àlàfo á hàn láàárín ìlẹ̀kẹ̀ kan sí èkejì. Níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ roboto ti Czech ni mo fọwọ́ sí, 10/0 tàbí 11/0. Wọ́n ti máa ń sín in sórí okùn, okùn 12 ní ìdì kan, kò sì ní ná yín tó Delica. Ẹ tẹ́ okùn náà lé ojú ọnà, kí ẹ máa fi òwú mìíràn dè é mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ méjì-méjì. Iṣẹ́ á yá, ọnà á sì jókòó dáadáa. Ẹ sọ fún oníbàárà kó yí inú aṣọ síta kó tó lọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú Delica, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dúdú àti funfun, gíráàmù 50-50, kí ẹ fi ṣe pọ́ọ̀sì kékeré kan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á da ìwọ̀nba díẹ̀ sórí bébà, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí èyí tó ga àti èyí tó kúrú bá wà nínú wọn, kì í ṣe Delica, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ọ̀rá.