Ṣúù bíréèkì ẹ̀yìn fún Hilux àtijọ́: ti inú páálí, tòkúnbọ̀, tàbí èyí tí wọ́n tún lẹ̀?

Ní agbègbè Kétu, ohun méjì ló ń ba bíréèkì ẹ̀yìn ọkọ̀ oko jẹ́: eruku pupa nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àti ẹrẹ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí nígbà òjò. Méjèèjì máa ń wọ inú dírọ́ọ̀mù, wọn kì í sì í rọ́nà jáde. Ọkọ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni Hilux LN106 onídíísẹ̀lì tí Toyota ṣe láti 1988 títí di 1997: dísìkì níwájú, dírọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Bí bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ń ṣe ségesège, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á ní kí onímọ́tò lọ rà ni ṣúù (irin títẹ̀ tó ń gbo inú dírọ́ọ̀mù kí táyà lè dúró), tí àwọn mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ ní Faransé ń pè ní màṣúwà. Mẹ́ta ló wà lọ́jà láti Kétu dé Ouando ní Àjàṣẹ́: tuntun inú páálí, tòkúnbọ̀, àti irin àtijọ́ tí wọ́n lẹ láínìn tuntun mọ́, ìyẹn awọ líle ojú ṣúù tó ń jẹ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kì í ṣe kékeré.

Kí owó tó kúrò lápò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ṣúù ló jẹ̀bi. Ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan. Bí pẹ́dàlì bá lọ jìnnà sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n tó gòkè tó sì le nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ṣúù ti jìnnà sí dírọ́ọ̀mù ni. Ó lè má tíì jẹ tán rárá. Bí ó bá rọ̀ bíi tìmùtìmù, afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó ń rọra rì lábẹ́ ẹsẹ̀, tí kò sì síbi tó ń jò, rọ́bà inú sìlíńdà àgbà (èyí tó ń ti omi bíréèkì lọ sí gbogbo táyà) ló ti rẹ̀, kò sí ṣúù tó lè wo ìyẹn sàn. Bí táyà ẹ̀yìn kan bá ń dì gbàgà nígbà tí èkejì ṣì ń yí, òróró ti kan láínìn níbì kan.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti àkọ́kọ́, ohun tó sì máa ń fà á ni irin kékeré kan tí kò sí nínú páálí kankan. Lórí LN106, bíréèkì ọwọ́ ló ń sún ṣúù mọ́ dírọ́ọ̀mù bí láínìn bá ṣe ń jẹ. Okùn bíréèkì ọwọ́ kì í lọ bá ṣúù tààrà. Apá irin kan tó wà lẹ́yìn àwo tí ṣúù jókòó lé ni yóò kọ́kọ́ fà, bellcrank lorúkọ rẹ̀. Ìta ni apá yìí wà, ojú ẹrẹ̀ gan-an. Bí rọ́bà tó bò ó bá ya, omi á wọlé, ìpáta á mú un, á dì pa. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń sún ṣúù mọ́, pẹ́dàlì á sì máa lọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Awakọ̀ tí kì í fa bíréèkì ọwọ́, tó jẹ́ pé òkúta ló ń gbé sẹ́yìn táyà ní ọjà, òun náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ dá iṣẹ́ yẹn dúró.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹlòmíràn dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kó máa wò ó. Apá yẹn gbọ́dọ̀ lọ, kó sì padà dé ibi ìdúró rẹ̀ pátápátá. Bí kò bá lọ, sísún ṣúù mọ́ dírọ́ọ̀mù ti dáwọ́ dúró; bí ó bá lọ tí kò padà, ṣúù á máa fara gbo dírọ́ọ̀mù títí táyà á fi gbóná. Oògùn rẹ̀ ò wọ́n: ẹ tú u, ẹ fi òòlù lu píìnì rẹ̀ jáde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpáta kúrò, ẹ fi gíríìsì tí kì í yọ́ nínú ooru pa á, ẹ sì fi rọ́bà tuntun bò ó. Ẹni tó bá ra ṣúù tuntun láìfọwọ́ kan bellcrank á tún padà wá láìpẹ́ pẹ̀lú pẹ́dàlì tó lọlẹ̀, á sì ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Ó wá kan ọjà fúnra rẹ̀. Ti inú páálí ló rọrùn jù láti rí. Ṣúù mẹ́rin ló máa ń wà nínú rẹ̀, méjì fún ẹsẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan. Páálí dídán kò sọ nǹkan kan fún wa. Ẹ wo ṣúù fúnra rẹ̀. Ẹ wo etí ibi tí láínìn àti irin ti pàdé: ìlà gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìjá. Ẹ fi ìṣó kan láínìn káàkiri. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, gọ́ọ̀mù kò dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa inú dírọ́ọ̀mù, kí ẹ fọwọ́ gbé ṣúù sí i, kí ẹ sì fi gbò ó síwá sẹ́yìn. Bí ṣọ́ọ̀kì bá lẹ̀ mọ́ orí méjèèjì nìkan tí àárín mọ́ féfé, ìtẹ̀ ṣúù náà ti tóbi ju ti dírọ́ọ̀mù lọ. Á máa han, á sì máa gbá táyà mú lójijì. Ẹ dá a padà. Bí ó bá jẹ́ àárín ló lẹ̀ mọ́ díẹ̀, kò burú, lílò á tẹ́ ẹ.

Àléébù kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ: kò sí ọ̀pá bíréèkì ọwọ́ lára ṣúù tuntun. Ti ara àtijọ́ lẹ ó yọ, wáṣà tó rí bíi lẹ́tà C ló sì dè é mọ́ ibẹ̀. Wáṣà yẹn kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀ padà. Ẹ béèrè fún tuntun níbi tí ẹ ti ra ṣúù. Bí wọn ò bá ní in, ẹ wá a kí ẹ tó tú ọkọ̀.

Tòkúnbọ̀ ńkọ́? Ṣúù tòkúnbọ̀ kò yẹ ní rírà, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ti jẹ ẹran rẹ̀, egungun ló kù fún yín. Dírọ́ọ̀mù tòkúnbọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, torí irin Toyota àtijọ́ wúwo, ó sì dára ju ọ̀pọ̀ tuntun lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n. Fífẹ̀ inú rẹ̀ nígbà tó jẹ́ tuntun jẹ́ mílímítà 295, òpin rẹ̀ sì ni 297. Nọ́ńbà òpin yìí sábà máa ń wà lára irin náà fúnra rẹ̀, bí ẹ bá ha ìpáta kúrò. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà méjì tó dábùú ara wọn, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti di bí ẹyin. Ẹni tó ń tà á lè sọ pé àwọn ti fi ẹ̀rọ ha á, ó sì ń dán. Dídán kọ́ ni ìwọ̀n.

Èyí tí a fi ṣe àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta ni irin àtijọ́ ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tí wọ́n tún lẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé irin náà ti bá àwo rẹ̀ mu, ihò rẹ̀ kò yẹ̀, ọ̀pá bíréèkì ọwọ́ sì ti mọ ibùgbé rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́ nìkan ló kù. Ẹ bi í bóyá gọ́ọ̀mù ni yóò lò tàbí rífẹ́ẹ̀tì. Gọ́ọ̀mù nílò ooru ààrò àti ìfúnmọ́ra. Ibi tí kò bá ti sí ààrò, rífẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ gbà. Kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án láti àárín lọ sí orí méjèèjì, torí bí ó bá ti orí bẹ̀rẹ̀, láínìn á wú láàárín, afẹ́fẹ́ á wà lábẹ́ rẹ̀, á sì fọ́. Orí rífẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ rì sínú láínìn dáadáa, kó má ba à ha dírọ́ọ̀mù. Toyota fi mílímítà 1 ṣe òpin fún láínìn. Fún oní-rífẹ́ẹ̀tì, láti orí rífẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti máa ka ohun tó kù, kì í ṣe láti irin.

Nígbà ìtúpalẹ̀, ẹsẹ̀ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí èkejì wà bẹ́ẹ̀ fún àwòkọ́ṣe, torí sípíríìngì inú rẹ̀ pọ̀. Bí dírọ́ọ̀mù bá kọ̀ láti jáde, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù bá a jà: ihò méjì wà lójú rẹ̀ tó gba bọ́ọ̀tì mílímítà 8 (tírẹ́ẹ̀dì 1.25), ẹ máa fún méjèèjì ní díẹ̀díẹ̀, á ti ara rẹ̀ jáde. Bí kò bá ṣì jáde, ẹ yọ rọ́bà ihò ẹ̀yìn àwo, kí ẹ fi sukudiráfà dá ìràwọ̀ àtúnṣe padà, ìyẹn irin eléyín tó ń sún ṣúù mọ́ dírọ́ọ̀mù. Ìràwọ̀ ọ̀tún àti ti òsì kì í ṣe pààrọ̀ ara wọn o, ibi tí tírẹ́ẹ̀dì wọn kọjú sí yàtọ̀. Eruku inú rẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ rin ín. Ẹ má fẹ́ ẹ pẹ̀lú kọ̀m̀pírẹ́sọ̀, torí láínìn àtijọ́ lè ní asbestos nínú, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń bá jà. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ kan àwọn ibi gíga ojú àwo tí etí ṣúù ń fara gbo. Ibẹ̀ ni ariwo kíí-kíí ti ń wá, kì í ṣe láti ara láínìn.

Kpayo, epo bẹntiróò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ni ọ̀pọ̀ fi ń fọ ohun gbogbo nílẹ̀ wa. Ẹ má fi kan rọ́bà sìlíńdà ẹsẹ̀ (èyí tó ń ti ṣúù mọ́ dírọ́ọ̀mù) láéláé. Á wú, á sì há. Omi bíréèkì DOT 3 ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí òróró jíà nínú dírọ́ọ̀mù, síìlì ásù ló ti jẹ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo níbùlì tí ásù fi ń mí. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, ooru á ti òróró gba inú síìlì kọjá, tuntun tí ẹ fi sí i náà á tún máa jò. Láínìn tó bá ti mu òróró kò ṣeé fọ̀, a kì í sì í fi iná jó o.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, ẹ yí ìràwọ̀ títí táyà yóò fi yí pẹ̀lú ìró fẹ́rẹ́, kí ẹ wá fa bíréèkì ọwọ́ léraléra títí ìró kẹ́-kẹ́ yóò fi dáwọ́ dúró. Fún ìtú afẹ́fẹ́, ẹ̀yìn ọ̀tún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló jìnnà jù sí sìlíńdà àgbà lórí ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lósì. Ẹ̀yìn òsì tẹ̀ lé e, kí ẹ tó bọ́ síwájú. Lítà 1 DOT 3 tó. Ẹ má gbàgbé níbùlì ara fáàfù tó wà lókè ásù ẹ̀yìn, òun lẹ ó fi kádìí.

Fáàfù yẹn ní ọ̀pá kan tó so mọ́ ásù, òun ló ń wo bí ẹrù ṣe pọ̀ tó. Àwọn tó ń kó àgbàdo àti gààrí sábà máa ń fi ewé sípíríìngì kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ̀yìn á wá ga sókè, fáàfù á rò pé ọkọ̀ òfìfo ni, á sì dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù bí ẹrù tilẹ̀ kún fọ́fọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pààrọ̀ ṣúù lẹ́ẹ̀mẹta láìrí ìyàtọ̀. Iye tí ásù fi jìnnà sí ṣáàsì lẹ́yìn ewé tuntun ni kí ẹ fi tún gígùn ọ̀pá náà ṣe.