Kiné tó ń yẹ ọpọlọ àwa oníkẹ̀kẹ́ wò ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì lórí kẹ̀kẹ́ abirùn, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ yìí kí ẹ tó forí gbalẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n lè ní èsì tí wọ́n á fi wé lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣubú. Kiné kan (oníṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú iṣan àti eegun) lọ́nà Ouando ló ṣe é fún wa, 5,000 sẹ́fà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bẹ́líìtì ni a fi ń de ara wa mọ́ àga. Bí kẹ̀kẹ́ bá dà sẹ́yìn, ìpàkọ́ ló ń bá sìmẹ́ńtì.

Ìwé SCAT6 tó jáde ní 2023, èyí tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ọpọlọ eléré tó forí gbá nǹkan mì, ló ń lò. Àmì 22 ló kọ́kọ́ bi mí, orí fífọ́, òòyì, àárẹ̀, àìróorunsùn, kí n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti òdo dé 6. Mo ní, "Dókítà, èmi tí mo ń fọwọ́ wa kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀, tí mo tún ń ránṣọ, ìgbà wo ni kò ní rẹ̀ mí?" Ó ní, "Tàńtí, ìdí tí mo fi ń bi yín lónìí nìyẹn." Òótọ́ ni. Èjìká mi kì í jẹ́ kí n sùn. Bí wọn ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí orí mi dá ṣáká, lọ́jọ́ tí mo bá ṣubú wọ́n á ní ọpọlọ ló fà á. Èyí tó burú jù ni pé kí ọpọlọ mì lóòótọ́, kí wọ́n ní èjìká ni.

Ó ka ọ̀rọ̀ 10 fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, kí n máa kà á padà. Yorùbá la fi ṣe é, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹni tó bá máa tún un ṣe má lọ fi Faransé dà mí láàmú. Àmọ́ oṣù kíkà láti décembre padà sẹ́yìn, Faransé ni; bẹ́ẹ̀ náà ni kàlẹ́ńdà ilé mi. Ariwo ọ̀kadà zém lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé gba ọ̀rọ̀ méjì mọ́ mi lẹ́nu. Ibi tó pa rọ́rọ́ ló yẹ kó ti ṣe é, mo sì sọ fún un.

Ìwé náà ní kéèyàn fẹsẹ̀ kan dúró, kó dijú, fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, kó tún rìn lórí ìlà mítà 3. Ó ṣí ojú ewé yẹn kọjá, ó rẹ́rìn-ín. (2021 ni ìwé ìlànà àkọ́kọ́ lórí ọpọlọ mímì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún eré abirùn. Ó pẹ́ jù!) Àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà ti ṣe àyẹ̀wò ìdúróṣinṣin tó bá ìjókòó mu, WESS ni wọ́n ń pè é. Mo dijú lórí àga, ó ń ka àṣìṣe: bí ojú bá là, bí ọwọ́ bá di táyà mú. Ẹnì kan nínú wa tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ lókè ní àṣìṣe jù mí lọ fíìfíì, síbẹ̀ kò sí nǹkan tó ṣe orí rẹ̀. Ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n á máa fi í wé.

Ó tún bi mí pé ta ni yóò máa tì mí nílé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí ọpọlọ bá mì, wọ́n máa ń ní kí eléré sinmi fún wákàtí 24 sí 48, kó má ṣe ju ìrìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé lọ. Kẹ̀kẹ́ wíwà gba àgbàlá iyanrìn wa kọjá, iṣẹ́ gidi ni.

Àléébù wà o. Àtẹ̀gùn méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, láìsí pákó tí kẹ̀kẹ́ lè gbà gòkè. Àwọn ọmọ tó ń lẹ táyà nítòsí ló gbé wa wọlé. Ó tún fẹ́ tọ́jú èsì wa sínú dúrọ́ọ̀ tirẹ̀. Kùtọnu la ti ń gbá ìdíje: bí mo bá ṣubú níbẹ̀, kí ni wọ́n á fi wé? A bá a jiyàn títí tó fi jẹ́ ká ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ gba tiyín kí ẹ tó sanwó.