Àwọn tó de ẹ́ńjìnnì oníbátìrì mọ́ ọkọ̀ ìpẹja mi

Ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ló bá mi ṣe é. Ọwọ́ wọn mọ́, àmọ́ wáyà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde bí mi nínú. Ó tín-ín-rín jù! Ẹ́ńjìnnì fólítì 12 tí agbára tó fi ń ti ọkọ̀ jẹ́ páùn 55 lè fa iná tó áńpù 50 béèyàn bá tẹ̀ ẹ́ dópin. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ á gbóná, á sì jẹ nínú iná náà lójú ọ̀nà. Mo ní èyí tí bàbà inú rẹ̀ nípọn tó 16 mm² ni mo fẹ́. Ọ̀gá ní, “Bàbá, ẹ ti le jù,” ṣùgbọ́n ó wá a.

Ibi tí mo ti gbóríyìn fún wọn ni ìdè. Pákó ìdí ọkọ̀ mi ti ń rọ̀, wọ́n sì fi pákó líle tì í lẹ́yìn kí wọ́n tó fún irin tó di ẹ́ńjìnnì náà mú pinpin. Fíúsì wà lórí wáyà pupa, lẹ́bàá bátìrì gan-an.

Bátìrì tí wọ́n fi ń ṣáná sí mọ́tò ni wọ́n fẹ́ tà fún mi. Ẹ má gbà o. Kò lè fara da kí a máa lò ó tán lójoojúmọ́. Èyí tó wà fún lílò pípẹ́ ni kí ẹ béèrè.

Lórí ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì náà kò pariwo rárá. Ojú oró nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu: ó ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, màá sì gbé e sókè, màá já a kúrò. Owó iṣẹ́ wọn kò gani lára, tí ẹ bá lè ná ọjà.