Irun ta ni yẹn nínú ìkòkò? Bí mo ṣe lọ ṣe wax abẹ́ ní Ìbàdàn

Mo ti ní ewú, lórí àti nísàlẹ̀. Ẹni ọdún 44 ni mí, mi ò fi pamọ́. Ìdí tí mo fi fi ọ̀rọ̀ ewú bẹ̀rẹ̀ ni pé irun tí mo rí nínú ìkòkò wax (ìda gbígbóná tí wọ́n fi ń fa irun tu) lọ́jọ́ Sátidé yẹn dúdú bíi kóró iṣin, kò sí funfun kankan lára rẹ̀. Kì í ṣe tèmi. Ojú abẹ níkòó ni màá sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí obìnrin máa ń fẹ́ bèèrè tí ìtìjú ò ní jẹ́ kó bèèrè.

Abẹ ni mo mọ̀ láti kékeré. Mùsùlùmí ni wá nílé wa, ìyá mi sì ti sọ fún mi nígbà tí mo bàlágà pé irun yẹn ò gbọdọ̀ kọjá ogójì ọjọ́ lára. Ó fún mi ní abẹ kan àti ọṣẹ dúdú, ó ní kí n lọ sí balùwẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo fẹ́ bí àkọ́bí mi, abẹ tún wà lára ohun tí wọ́n ní kí n rà wá sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan fi fá mi ní gbígbẹ, láàárín ìrọbí, ó sì ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí lọ. (Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ní kò yẹ kí wọ́n máa fá a fún gbogbo ẹni tó fẹ́ bímọ fúnra rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn?)

Wàhálà abẹ ni pé irun àwa aláwọ̀ dúdú máa ń ká. Bí abẹ bá gé e, ẹnu rẹ̀ á mú ṣóńṣó. Bó bá ń hù bọ̀, á yí, á gún awọ wọlé padà. Ibẹ̀ ni kókó, yíyún àti ọyún ti ń wá. Ọjọ́ kẹta tí mo bá fá a, mi ò ní lè jókòó jẹ́ẹ́ ní ọ́fíìsì.

Mo ti lo ìpara tí ń jẹ irun. Ó jẹ irun lóòótọ́, ó sì fẹ́ jẹ èmi náà mọ́ ọn. Òórùn rẹ̀ dà bí ẹyin tó bàjẹ́, débi pé ọmọ mi kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Mọ́mì, kí ló kú síbẹ̀?" Mo ti lo kílípà ọkọ mi rí, ẹ má sọ fún un. Ká sòótọ́, kílípà ni kò ṣe mí ní nǹkankan rí, àmọ́ kò mọ́ tó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n se ṣúgà pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn Lárúbáwá ṣe ń ṣe é. Mo sè é. Ó gan mọ́ ìkòkò, ó di bàbá dúdú, àwọn ọmọ ló jẹ ẹ́.

Ti lésà ńkọ́, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irun láti ìdí? Yàtọ̀ sí owó, ẹ̀ẹ̀kan ò tó, èèyàn á máa lọ á máa bọ̀ ni. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ lésà ló bá awọ dúdú lára mu. Èyí tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG ló dára jù fún irú wa, torí àwọn mìíràn lè jó awọ. Mo pe ibì kan, mo bèèrè irú èyí tí wọ́n ń lò, ẹni tó gbé e ní, "Ti Amẹ́ríkà ni mà." Mo dúpẹ́, mo pa fóònù. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá gbọ́ pé dúdú ara irun ni lésà ń wá, kì í rí ewú. Èmi àti lésà ti parí nìyẹn.

Ó wá ku wax. Mo sọ fún ọkọ mi lórí fóònù pé mò ń lọ ṣe wax, ó ní, "Wáàsí ta ni? Àlùfáà wo?"

Ibi tí mo lọ yìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó wà ní Ìbàdàn, ó mọ́ tónítóní níta, òdòdó wà lẹ́nu ọ̀nà. ₦18,000 ni wọ́n ń gbà fún gbogbo rẹ̀. Ẹ lè ní etí pátá nìkan lẹ fẹ́, ẹ lè ní kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ níwájú, ẹ sì lè ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀, iwájú dé ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní Brazilian. (Ọmọ ìyá méje kan láti Brazil, àwọn Padilha, ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká ní New York, 1987 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Manhattan. Àwọn ló yẹ kí n bá jà.) Mo ní gbogbo rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ dára, mi ò ní parọ́. Ọmọbìnrin tó gbà mí wọlé, kò lè ju ọmọ ọdún 22 lọ, bi mí bóyá irun náà ti gùn tó ẹyọ ìrẹsì kan, torí bó bá kúrú, wax ò ní lè mú un. Ó bi mí ìgbà tí mo máa rí nǹkan oṣù mi, ó ní ara máa ń tètè dun èèyàn tó bá ti sún mọ́ ọn. Ó tún bi mí bóyá mò ń lo kírímù tó ń bó ara, torí awọ lè bá wax lọ. Inú mi dùn. Mo ní ẹni tó mọṣẹ́ ni mo bá pàdé.

Ó ní kí n dùbúlẹ̀, kí n ká ẹsẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo ká a. Wax tí wọ́n ń lò ni èyí tó máa ń le fúnra rẹ̀ tí wọ́n á ká kúrò bí èèpo, láìfi aṣọ lé e. Òun ló yẹ abẹ́, torí irun ló ń dì mú ju awọ lọ. Fífà àkọ́kọ́, mo pe Ọlọ́run ní gbogbo èdè tí mo gbọ́. Ẹ̀yìn tó ti fà á tán ló ń sọ pé, "Sọ́rì mà." Èkejì, bákan náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá ní, sókè ketekete, tí ilẹ̀kùn ò sì padé dáadáa, "Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ ti jẹ́ kó pọ̀ jù!" Mo gbọ́ tí ẹnìkan rẹ́rìn-ín ní pálọ̀.

Ibi tí inú ti ń bí mi bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Ìgbà náà ni NEPA mú iná lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi yé yín bí mo ṣe wà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti mọ́ bí ojúde tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ti òsì, igbó àkùrọ̀. Wax wà lára mi tó ń gan lọ. Yàrá ò ní fèrèsé. Ọmọ yìí tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó fi eyín di fóònù náà mú, ó fẹ́ tètè bu òmíràn kí ìkòkò tó tutù. Inú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni mo ti rí i tó fi igi tó fi ń bu wax, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára mi, bọ inú ìkòkò padà. Mo gbé orí sókè, mo wo inú ìkòkò. Irun kan wà lójú wax, ó ká bí ìwọ̀ ẹja.

Mo ní, "Irun ta ni yẹn?"

"Èwo mà?"

"Èyí tó wà nínú ìkòkò yẹn."

Ó tan iná sí i. Ó wò ó, ó wo èmi náà. "Tiyín ni mà."

"Tèmi ní ewú. Wò ó dáadáa."

Ó wò ó dáadáa. Ó dákẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Mà, wax gbígbóná ni. Iná ti pa gbogbo kòkòrò tó wà nínú ẹ̀."

Mo ní, "Iná tó bá gbóná tó láti pa kòkòrò, ṣé kò ní bó mi lára? Tí kò bá bó mi, kí ló wá fẹ́ pa?"

Kò rí èsì fọ̀. Mo ní kó má fọwọ́ kàn mí mọ́, kó pe ẹni tó ni ilé. Mo wà nínú òkùnkùn, mo fi táwẹ̀lì bo ara, wax ti gan sí mi lápá òsì, mò ń ro irú lẹ́tà tí màá kọ. Mo ti kọ ọ́ tán lọ́kàn mi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ pé mo lo igi kan. Igi mẹ́rin ni wọ́n ń kà fún wa lórí kọ́sítọ́mà kan. Tó bá lé, wọ́n máa ń yọ ọ́ nínú owó oṣù wa."

Igi mẹ́rin! Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ bu wax ló yẹ kó mú igi tuntun. Fún gbogbo abẹ́, igi lè tó ogún. Igi pẹlẹbẹ tí dókítà fi ń tẹ ahọ́n wò ni mò ń sọ o, kì í ṣe igi ìrókò. Bí ìbínú mi ṣe fi ọmọ yẹn sílẹ̀ nìyẹn tó lọ dúró de ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá dé láàárín ìṣẹ́jú 25, jẹnẹrétọ̀ sì tàn. Ó jù mí lọ díẹ̀. Kó tó kí mi tán ló ti ní kí ọmọ náà kúnlẹ̀. Mo ní kó dìde. Mo ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ ka igi fún un." Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ọjà ti gbówó lórí, dọ́là ti ṣe báyìí báyìí. Mo ní igi ni o, mà, igi! Kò fèsì sí ìyẹn títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe. Ó gbé ìkòkò yẹn jáde, ó gbé òmíràn wá, ó já ọ̀rá wax tuntun lójú mi, ó da wóró rẹ̀ sínú ìkòkò gbàràgbàrà. Ó kó igi sílẹ̀ ní ìdì, kò kà á. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun. Ó fi òróró rọ èyí tó ti gan sí mi lára títí ó fi yọ wẹ́rẹ́. Ó kọ́kọ́ fi wax tuntun kan ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó fi kan tèmi, ó ní, "Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn báyìí?"

Ọwọ́ obìnrin yìí! Ó fi ọwọ́ kan na awọ, ó fi ìkejì fa wax náà, kì í fà á lọ sókè bí ọmọ yẹn ṣe ń ṣe, ó ń fà á ní ìdọ̀bálẹ̀, kó máa rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ lọ. Kí ìrora tó dé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti tẹ ojú ibẹ̀, ìrora náà kú síbẹ̀. Gbogbo ìgbà ló ń sọ kó tó ṣe é: "Mo fẹ́ fa tàárín báyìí, Àǹtí mi. Ẹ wúkọ́." Kí n tó wúkọ́ tán, ó ti lọ. Ó pe ọmọ yẹn wá, ó ní kó dúró wo ọwọ́ òun. Ìṣẹ́jú 20, ó parí. Mo fọwọ́ kàn án, ó jọ̀lọ̀ bí ara ìkókó. Ẹ wò ó, mo ti fẹ́ dì mọ́ ẹni tí mo fẹ́ bá jà.

Ìdajì owó ló gbà. Ó ní kí n má fi omi gbígbóná wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì, kí n wọ pátá òwú tí kò fún, kí n má ṣe eré ìdárayá tó ń múni làágùn, kí ọkọ ní sùúrù fún ọjọ́ méjì. Tó bá di ọjọ́ kẹta, kí n máa fi kànrìnkàn rọra ha ibẹ̀, kí irun má baà há sínú awọ. Mo tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Kókó méjì péré ló yọ, kò sí ọyún. Ẹni tí àpá rẹ̀ bá máa ń wú, kó kọ́kọ́ rí dókítà awọ kó tó dán an wò. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ yọ tirẹ̀ rárá, kò sí dókítà tó máa ní dandan ni. Irun yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ń gba awọ lọ́wọ́ ìfarakínra.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó gùn tó ẹyọ ìrẹsì padà. Ẹ bá mi ṣírò: ọjọ́ 35. Ó bọ́ sínú ogójì tí ìyá mi wí.

Mo padà lọ. Kí n tó lọ, mo ya Ògùnpa, mo ra páálí igi kan, ọgọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀, mo jù ú sínú báàgì. Ọmọ yẹn náà ló gbà mí wọlé. Nígbà tí mo gbé páálí náà lé orí tábìlì, ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn, ó tó rẹ́rìn-ín. Ó na awọ, ó fà á ní ìdọ̀bálẹ̀, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sọ fún mi kó tó fà. Igi 18 ni a lò, mo kà á. Nígbà tí mo ń wọṣọ, ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n di ìyókù fún yín?" Mo ní kó tọ́jú rẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Igi ló jẹ ọ̀kan tó kù.